Kẹ̀kẹ́ Mẹ́ta Lórí Ìjàpá

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kọkànlá, 1988

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ti dé. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa ní sẹ́ńtà ìlera láàárọ̀ yìí, bébà ṣì wà lára irin wọn. Dúdú ni gbogbo wọn, wọ́n wúwo, wọ́n sì ń dán. N kò tíì fọwọ́ sí ìwé tán tí Nàfísàt fi gun ọ̀kan. Ọdún mẹ́rin lèmi àti Nàfísàt ti jọ ń fún ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní Mowé níbí, n kò mọ̀ pé ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta, ìbòrí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní kẹ̀kẹ́ bàbá òun lòun fi kọ́ ọ ní Ìwó, bàbá kò sì mọ̀ títí dòní.

Ọ̀gbẹ́ni Àdìó tó ń tọ́jú ìwé wa kò pàtẹ́wọ́. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wá béèrè bí kẹ̀kẹ́ yóò ṣe dé Ọbáfẹ́mi. Ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí lọ́hùn-ún la ti nílò wọn, láti fi wọ inú àwọn abà. Èèyàn kò lè wa kẹ̀kẹ́ láti Mowé débẹ̀ kó tún lágbára tó kù. Ọkọ̀ ọ́fíìsì ti wà lórí òkúta láti oṣù kẹjọ, àwọn onímọ́tò èrò kì í sì í fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ sójú.

Mọ́tò kan ṣoṣo ni mo lè tọrọ, Ìjàpá ọkọ mi, mọ́tò kékeré tó rí bìrìkìtì bí igbá ahun. Ọlọ́run ló mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́rú, 9

Mo ṣí ìwé oṣù kejì wò lónìí. Kò yẹ kí n ṣí i.

Ẹsẹ̀ la fi rìn láti Ọbáfẹ́mi dé abà Ìdí-Ahùn lọ́jọ́ náà, wákàtí mẹ́rin nínú oòrùn, kúlà abẹ́rẹ́ lórí mi. Nígbà tí mo ṣí i níwájú àwọn ìyá, yìnyín ti di omi, omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ èéyi tí ooru bá ti pa kò wúlò mọ́. N kò lè gún ọmọ ọlọ́mọ lásán kí n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ewu ti kọjá. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èéyi wọ abà. Ọmọ mẹ́sàn-án ló pa.

Bàbá Mùíbì tó jẹ́ baálẹ̀ wọn kò bú mi. Wọ́n ní, "Ẹ sáà wá. Ẹ ṣeun." Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, kò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Bàbá Káyọ̀, ọkọ mi, wọlé lálẹ́ àná láti Ìfọ̀ tó ti ń ṣe tíṣà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wá tí iléèwé bá ti parí fún ọ̀sẹ̀. Mo jẹ́ kó jẹun àárọ̀ tán. Mo jẹ́ kó fọ mọ́tò tán pẹ̀lú, nítorí inú rẹ̀ kì í dùn tó ìgbà tó bá ń nu Ìjàpá yẹn lára. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́.

Ó wo mọ́tò, ó wò mí. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, lórí ọ̀dà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìdí-Ahùn fún un lákọ̀tun, títí kan èyí tí n kò sọ fún un nígbà náà, pé mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tí mo sọkún. Ó nu ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò títí. Nígbà tó yá ó ní bí mo bá lè rí kárià tí yóò gbé kẹ̀kẹ́ láìkan ara mọ́tò òun, òun fúnra òun ni yóò wà wá lọ.

Ó gbà! A mú ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí iléèwé yóò ti gba ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Mo fẹ́ kó jẹ́ kí èéyi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Rosemary tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ìbàfò sọ fún mi pé ọkùnrin kan tó ń gbé nítòsí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìṣẹrí ní kárià kẹ̀kẹ́ gidi, èyí tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń dì í mọ́. Kò tíì lò ó rí nítorí kò ní kẹ̀kẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Yóò yá wa.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo ti gbé e wálé. Ó fúyẹ́, ó ń dán, rọ́bà wà níbi gbogbo tí yóò ti kan mọ́tò. Okùn rẹ̀ ní ìkọ́ irin tó ń wọ inú ara wọn fúnra wọn. Mo gbé e sí pálọ̀, mo ń wò ó bí ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Kò ṣeé ṣe.

Bàbá Káyọ̀ ti rí i kó tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò fẹ́ bà mí nínú jẹ́. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn ló sì ti ń mí sínú. A dì í mọ́ ọn, a gbé kẹ̀kẹ́ méjì kọ́ (ẹ̀kẹta kò rí àyè), a wà á lọ sí Ìbàfò. Kí a tó débẹ̀, òórùn gbígbóná ti kún inú mọ́tò. Nígbà tó páàkì, èèyàn kò lè fọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kan tún wá bá wa, ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè ibi tí nọ́ńbà mọ́tò wà. Abẹ́ kẹ̀kẹ́ ló wà. Ó ní ká máa lọ, ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo rò pé ọkọ mi yóò sọ pé ó tán. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà, òun ló ń sọ̀rọ̀. Orí mọ́tò ló kù, ó ní, òrùlé Ìjàpá ní etí tí omi òjò ń gbà ṣàn, irin lè di etí yẹn mú. Ó ní ní Ìfọ̀ àwọn kan ń ta ara ògbólógbòó takisí, òun yóò wò ó lọ́jọ́ Ajé. Mo ń wo ojú ọ̀nà, inú mi ń dùn.

Ọjọ́bọ̀, 24

Kẹrosíìnì tún ti wọ́n sí i. Fíríìjì abẹ́rẹ́ kò sì lè ṣe láìsí i. Mo ra gálọ́ọ̀nù méjì, mo tì í sábẹ́ tábìlì mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Èmi ni mo lọ bá a ní Ìfọ̀ lónìí. Ó ti yan kárià méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ara mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà reluwé. Ọ̀kan gùn, ti Pijó ni, yóò yọ síwájú gíláàsì. Èkejì kéré, ó ti dípẹtà níbi díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ etí òrùlé Ìjàpá bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Ọkọ mi bá wọn dúnàádúrà títí dé náírà méjìlélọ́gbọ̀n. Ìgbà tí reluwé kọjá ni wọ́n gbà, bóyá nítorí pé a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́.

Bí a ṣe ń wa mọ́tò bọ̀ wá sí Mowé, afẹ́fẹ́ ń súfèé nínú irin náà lókè. Mo ní kó má pa fèrèsé dé, kí n máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kejìlá

Ọlọ́run ló yọ wá lónìí.

A tẹ́ kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn lórí kárià, a fi okùn dì wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Àdìó fúnra rẹ̀ ló so kókó rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wọlé, a dorí kọ ọ̀nà Ọ̀fàdà láti dán an wò. Ó lọ dáadáa títí a fi kọjá Ọ̀fàdà, níbi tí ọ̀nà ti jẹ́ kòtò. Bí mọ́tò ṣe ń fò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kẹ̀kẹ́ ń fi ara gbo ara, okùn ń dẹ̀. Mo gbọ́ ohun kan tó họ orí mọ́tò, lẹ́yìn náà ìró irin lórí ọ̀dà ọ̀nà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ kan ń yí gbirigbiri bọ̀ lẹ́yìn wa. Bí mọ́tò mìíràn bá wà lẹ́yìn, n kò fẹ́ rò ó.

Róòmù iwájú ti wọ́. Mẹ́rin nínú àwọn wáyà tó di róòmù mú ti já. Pẹ́dàlì sì ti ya ọ̀dà orí Ìjàpá láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé irin funfun ń hàn.

Nàfísàt ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi fi ìka rìn lórí ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ nínú mi. Mo tún ti ń ronú ohun tí màá sọ fún Bàbá Mùíbì. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó mú igi kan, ó ń ya nǹkan sórí yẹ̀pẹ̀. A rò pé inú ló ń bí i. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, kẹ̀kẹ́ ló ń yà.

Ó ní, "Ìyá Káyọ̀, kí ló dé tí a fi ń tẹ́ wọn sùn? Kẹ̀kẹ́ tó sùn lórí èkejì yóò máa bá a jà ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró láyè tirẹ̀."

Mo béèrè nípa ọ̀dà mọ́tò. Ó ní ọ̀dà ti ya ná, ẹ jẹ́ ká wá wẹ́dà.

Ọjọ́ Ajé, 5

Wẹ́dà tí Rosemary mú mi lọ bá ń jẹ́ Mùtíù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfò ló ti ń jó irin, gééètì ńlá kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìwé tí Bàbá Káyọ̀ ya kẹ̀kẹ́ sí hàn án. Ó wò ó, ó mi orí. Ó ní tí kẹ̀kẹ́ bá dúró lórí táyà rẹ̀ lókè mọ́tò, yóò ga jù, afẹ́fẹ́ yóò máa tì í. Ó wá yí orí ìwé náà sísàlẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ dojú wọn bolẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n fi ìjókòó àti ọwọ́ dúró, kí táyà wà lókè."

Mo wo ìwé náà tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó rọrùn débi pé ojú tì mí.

Páìpù méjì ni yóò dábùú orí kárià Ìfọ̀ tí mo gbé wá fún un. Àwo irin mẹ́ta fún ìjókòó àti àmúga mẹ́fà fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni yóò jó mọ́ wọn, a ó fi rọ́bà inú táyà wé gbogbo rẹ̀, a ó sì fi awọ dè wọ́n. Kẹ̀kẹ́ àárín yóò kọjú sẹ́yìn kí ọwọ́ wọn má baà kan ara wọn. Ó béèrè ìgbà tí mo fẹ́ ẹ. Mo ní Sátidé yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí gééètì, ó ní Alhaji tó ni ín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wá béèrè ohun tí a fẹ́ gbé lọ, mo sì sọ fún un, títí kan àwọn mẹ́sàn-án yẹn.

Ó fẹ́ kí n mú mọ́tò wá, mo ní Ìfọ̀ ló wà. Kí n tó mọ̀, ó ti mú téépù, ó lọ sí ìta, ó ń wọn Ìjàpá ẹlòmíràn tó páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù Rosemary. Ẹni tó ni ín jáde, ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ jó mọ́tò òun ni. A bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, òun náà di orí kejì téépù mú.

"Gééètì Alhaji lè dúró," ni Mùtíù sọ nígbà tí a padà wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 8

Iná kò sí ní Ìbàfò láti àná. Páìpù ti wà nílẹ̀ ní gígé, kò sí ohun tí yóò fi jó wọn pọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ìgbà kejì, Mùtíù ní kí n lọ sinmi, wíwò tí mo ń wo gílóòbù kò lè mú iná wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Iná dé nígbà tí wọ́n ń kírun Jímọ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe sálámà tán ni Mùtíù ti kúrò ní mọ́sáláṣí, kò lọ sílé, kò bọ́ jálàbíà funfun ọrùn rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ láago mẹ́rin, jálàbíà ti jó níbi mẹ́ta, irin ti dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Mo fẹ́ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n má gbàgbé.

A gbé Ìjàpá dé ọ̀dọ̀ Mùtíù ní aago mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ etí òrùlé, ó fi bóòtù mú wọn. Ó wá rọ̀ mọ́ páìpù iwájú pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ń mì. Mọ́tò mì, kárià kò mì. Nàfísàt náà rọ̀ mọ́ ọn. A dojú kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, a de awọ. Ọ̀gbẹ́ni Àdìó, tó ti fi ọ̀sẹ̀ yìí na róòmù tó wọ́ yẹn, gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ òsì, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. N kò mọ ohun tó kọ. Ojú rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

A bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé bí mọ́tò ṣe ń sáré, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń yí lórí wa, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Gbogbo Ìbàfò jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ iléèwé kéú ń sáré lẹ́bàá wa, wọ́n ń pariwo pé mọ́tò fẹ́ fò. Nàfísàt rẹ́rìn-ín títí ó fi ní inú ń run òun. Láti ibẹ̀ a lọ tààrà sí àwọn kòtò Ọ̀fàdà. Bàbá Káyọ̀ kò tilẹ̀ dẹ ẹsẹ̀. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, a ti kọjá, mẹ́ta ló wà lókè, mo jáde kà wọ́n.

Ilé epo nìkan la ti ṣàṣìṣe. Ọkọ mi gbàgbé pé a ti ga sí i, díẹ̀ ló kù kó wọ abẹ́ páànù wọn. Ọkùnrin tó ń ta epo ló nà gbalaja sójú ọ̀nà láti dá wa dúró. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò wá pé òun lòun ronú kárià yìí. Mùtíù kò jiyàn. Ó ní kí n dá irin tó bá kù padà, òun fẹ́ parí gééètì.

Ọjọ́rú, 14

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là. Abẹ́rẹ́ wọlé láti Abẹ́òkúta lọ́sàn-án, fíríìjì tutù dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Mi ò lè kọ ọ́ lánàá, ó rẹ̀ mí jù.

A kúrò ní Mowé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ọyẹ́ bo ọ̀nà débi pé a tan iná mọ́tò títí a fi kọjá Òwódé. Kúlà wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Aago méje kọjá díẹ̀ la dé òpin ọ̀nà mọ́tò ní Ọbáfẹ́mi. Kí a tú awọ, kí a gbé kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá Káyọ̀ so kúlà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Nàfísàt, torí òun ló mọ̀ ọ́n gùn jù. Ọkọ mi dúró ti mọ́tò, ó ń juwọ́ sí wa títí ọ̀nà fi yà.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà le, ó sì gbẹ. A gun kẹ̀kẹ́ láàárín oko ẹ̀gẹ́, ewé ń gbá wa lójú. Níbi odò, igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá. Nàfísàt gbé kúlà rù, ó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Àdìó, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún mi bó, mo dìde, mo ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì la wọ Ìdí-Ahùn.

Bàbá Mùíbì ti kó gbogbo abà jọ síwájú ilé wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ojú wọn wà lára kúlà. Mo ṣí i níwájú gbogbo èèyàn. Yìnyín wà níbẹ̀ ní gbàǹgbà, etí rẹ̀ ṣì mú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tò.

Obìnrin kan kò tò. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lókèèrè, ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Mùíbì ní Salmah ni, méjì nínú àwọn mẹ́sàn-án ọjọ́sí ni tirẹ̀, ọmọ tuntun ni èyí nígbà náà. Mo fi abẹ́rẹ́ lé Nàfísàt lọ́wọ́, mo gbé kúlà, mo lọ bá a. Kò dìde. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá nígbà yẹn náà."

Mo ní, "Mo wá. Ohun tí mo gbé wá ti bàjẹ́ lọ́nà, n kò sì lè fún un yín."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ti òní kò bàjẹ́?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo tì í bọ inú kúlà. Ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nítorí òtútù, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́. Ó fi ọwọ́ tútù náà kan ojú ara rẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ fún mi. Ọmọbìnrin ni, oṣù mọ́kànlá, ó sì lágbára, ó fi ẹsẹ̀ ta mí níkùn nígbà tí mo gún un.

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ọ̀gbẹ́ni Àdìó kọ orúkọ gbogbo wọn pẹ̀lú ìkọ̀wé tó mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a padà dé Ọbáfẹ́mi, a bá ọkọ mi láàárín àwọn onímọ́tò mẹ́rin, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe àmúga. Ó ti fún méjì nínú wọn ní àdírẹ́sì Mùtíù. Ó wo orúnkún mi, ó wo ojú mi, kò béèrè bó ṣe lọ.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kìn-ín-ní, 1989

Èéyi ti dé. Abà méjì ló ti wọ̀ lẹ́yìn Ọbáfẹ́mi, ọmọ mọ́kànlá ló ń ṣàìsàn, a ti fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àdìó fi kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìdí-Ahùn lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn ọmọ ń lé eku kiri oko, wọn kò tilẹ̀ dúró kí òun kà wọ́n tán.

Mo ṣí ìwé, mo mú bírò. Mo kọ Ìdí-Ahùn, mo kọ èéyi síwájú rẹ̀, mo sì kọ òdo. Mo rọra yí i po kó lè rí róbótó.